Iná Jó, Iná Gbé: Ìtàn Bí Ènìyàn Ṣe Wá Mọ Ìpalára Iná Mọ̀nàmọ́ná

Ìfáàrà

Bí omi gbígbóná bá dà sí ọmọdé lára, Yorùbá yóò ní omi gbígbóná bó o. Bí iná ìdáná bá ràn mọ́ aṣọ ẹni, wọn á ní iná jó o. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fọwọ́ kan wáyà, tí ara rẹ̀ gbọ̀n rìrì, tí kò lè jù ú sílẹ̀, ohun tí tọmọdé tàgbà máa ń sọ ni pé iná gbé e. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì yìí, jó àti gbé, ni iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ tí èdè wa ṣe láàárín wọn láìjanpata ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi igba ọdún ó lé díẹ̀ wá kí wọ́n tó rí i gbá mú. A ó tọpasẹ̀ ìwákiri náà, a ó sì wo bí iná mọ̀nàmọ́ná ṣe dé Nàìjíríà, bí ó ṣe ń gbé ènìyàn níbí, àti ohun tí a lè ṣe fún ẹni tí ó bá gbé.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí olùkọ́ èdè ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní àdúgbò wa ń bá ẹnì kan gbé òpó irin tẹlifíṣọ̀n nàró. Orí òpó náà kan okùn iná tó gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé kọjá. Ó ṣubú, ó dìde, ó sì ń bá wa sọ̀rọ̀. Egbò kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí kò ju kọ́bọ̀ lọ, òmíràn wà ní gìgísẹ̀. A fọ́ ẹyin tútù sí i, a fi epo pupa pa á. Ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí fọ egbò náà, wọ́n fún un ní oògùn ara ríro, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, apá rẹ̀ wú, ó le bí igi, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí àgbo. Ní ọjọ́ kẹrin ó kú. Ohun tí gbogbo àdúgbò ń tún sọ ni pé egbò kékeré ni, egbò kékeré ni. Èmi náà wà lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mọ̀nàmọ́ná Kí Ẹ̀rọ Tó Dé

Orúkọ tí Yorùbá fún iná yìí kò ṣèèṣì. Kí ẹ̀rọ kankan tó dé ni wọ́n ti mọ mọ̀nàmọ́ná tó ń kọ lójú ọ̀run, wọ́n sì ti rí i pé ẹni tí ààrá bá sán pa lè wà nílẹ̀ láìsí ọgbẹ́ tó tó nǹkan lára rẹ̀. Irú òkú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹbí mọ́. Ti Ṣàngó ni, àwọn Mọ́gbà ló sì ń wá ṣe ètùtù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èrò yìí kò tíì kúrò nílẹ̀ nígbà tí Ben Enwonwu ṣe ère Ṣàngó tí a gbé sí iwájú olú ilé iṣẹ́ iná ìjọba ní Marina, ní Èkó, ní 1964. Ọmọ Igbo ni Enwonwu, gbogbo Nàìjíríà ló ni ilé iṣẹ́ náà, síbẹ̀ òrìṣà Yorùbá ni ó bá iṣẹ́ wọn mu. Mo máa ń rò pé bóyá èyí nìkan ni ìgbà tí ìjọba wa jẹ́wọ́ ní gbangba pé ohun tí wọ́n ń tà fún wa lè pani.

Ní òkè òkun, ọdún 1752 ni ìdánwò tí Benjamin Franklin dábàá fi hàn pé mọ̀nàmọ́ná ojú ọ̀run àti iná tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kéékèèké ṣe nínú yàrá, ọ̀kan náà ni. Ìmọ̀ yìí kò pẹ́ tó fi gba ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1753, ọ̀jọ̀gbọ́n Georg Wilhelm Richmann, ní ìlú St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, dúró ti ọ̀pá irin tó ti so mọ́ òrùlé ilé rẹ̀ kí ó lè wọn agbára ìjì tó ń bọ̀. Iná fò jáde láti ara irin náà sí iwájú orí rẹ̀, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò rí àpá pupa kékeré kan níwájú orí. Bàtà rẹ̀ kan ya, àpá aláwọ̀ aró sì wà ní ẹsẹ̀ náà. Ibi tí iná gbà wọlé nìyẹn, àti ibi tí ó gbà jáde. Ohun tí dókítà ń wá lára ẹni tí iná gbé lónìí, àwọn ènìyàn 1753 ti rí i pẹ̀lú ojú ara wọn. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ibi méjèèjì.

Iná Wọ Ìgboro

Fún bí ọdún 120 lẹ́yìn ikú Richmann, láti ojú ọ̀run ni iná tó ń pa ènìyàn ti sábà ń wá. Ní 1879, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé eré kan fọwọ́ kan wáyà ẹ̀rọ tó ń gbé nǹkan bí 250 fóltì jáde, ó sì kú. Òun ni àwọn ìwé ìṣègùn sábà ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ tí iná tí ènìyàn fi ẹ̀rọ ṣe pa. Ẹ jẹ́ kí a fi iye yẹn sọ́kàn. 250 fóltì kò fi bẹ́ẹ̀ ju iná tó wà nínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá wa lọ.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá 1889, John Feeks, òṣìṣẹ́ tó ń gun òpó, kú sáàárín àwọn okùn tó wà lókè òpópónà ní New York ní ọ̀sán gangan. Òkú rẹ̀ há sókè fún ohun tó lé ní ìdajì wákàtí, tí iná ń ṣẹ́ jáde lára rẹ̀, tí èrò rẹpẹtẹ sì ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Kò pé ọdún kan sí i tí ìjọba ìpínlẹ̀ New York fi iná pa ọ̀daràn kan, William Kemmler, lórí àga. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1890 ni, ọjọ́ kan náà tí Richmann kú nínú ọdún tirẹ̀. Wọ́n ti ní ikú wàrà-ǹ-ṣeṣà ni yóò jẹ́. Iná àkọ́kọ́ kò pa á; ìgbà tí wọ́n tún un tàn ló tó kú, òórùn ẹran jíjó sì gba inú yàrá. Àwọn dókítà tó wà níbẹ̀ pàápàá kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó pa á gan-an.

Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìdáhùn ni Stefan Jellinek, dókítà kan ní Vienna, ní Austria. Bí ìjàǹbá iná bá ti ṣẹlẹ̀, Jellinek yóò wá a lọ. Ó ń kó bàtà tó ya, aṣọ tó jó, wáyà àti ẹ̀yà ara òkú jọ títí wọ́n fi kún odindi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Ní 1903 ó tẹ ìwé rẹ̀, Elektropathologie, jáde. Òun ló ṣàpèjúwe àpá tí iná ń fi sí ara. Ó ní àpá náà máa ń gbẹ, ó máa ń le, ó ń jìn láàárín, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé ó ṣàkíyèsí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Iná tí ó jó awọ ti jó iṣan tí à ń fi mọ ìrora lára pẹ̀lú. Nítorí náà ẹni tí iná gbé lè jókòó kó máa rẹ́rìn-ín, kí àwọn ará ilé sì máa dúpẹ́. Jellinek tún tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí iná gbé tó dà bí òkú lè má tíì kú, kí ẹnikẹ́ni má tètè pa á tì. Lẹ́yìn tí àwọn Nazi gba Austria ní 1938, ó di dandan kí ó sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé Júù ni.

Bí Iná Ṣe Dé Nàìjíríà, àti Bí Ó Ṣe Ń Gbé Ènìyàn

Ní 1896 ni iná mọ̀nàmọ́ná kọ́kọ́ tàn ní Èkó, ọdún 15 péré lẹ́yìn tí ìlú Godalming ní Gẹ̀ẹ́sì tan tirẹ̀ sí ìgboro. Ní 1929, ilé iṣẹ́ aládàáni kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi odò Kurra, lẹ́bàá Jos, ṣe iná fún àwọn tó ń wa kùsà. Òfin tó dá ECN sílẹ̀ jáde ní 1950. Wọ́n dá àjọ tí yóò kọ́ ìdídò sórí odò Ọya sílẹ̀ ní 1962, Kainji sì parí ní 1968. NEPA dé ní 1972, PHCN ní 2005, ní 2013 ìjọba sì pín in tà fún àwọn aládàáni. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ló ti sọ gbogbo èyí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí àwọn ìwé náà kì í sọ ni pé ní gbogbo ìgbà tí orúkọ ń yí padà, okùn ń gùn sí i, agbára inú rẹ̀ sì ń ga sí i. Iná inú ilé jẹ́ nǹkan bí 230 fóltì. Èyí tó ń wá sí tiransifọ́mà àdúgbò jẹ́ 11,000 tàbí 33,000. Èyí tó ń ti Kainji bọ̀ jẹ́ 330,000. Àwọn dókítà fi 1,000 fóltì ṣe ààlà: ohun tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní iná alágbára, ojú ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi ń wo ẹni tí ó bá gbé.

Ọ̀nà tí iná ń gbà gbé ènìyàn níbí ní àwọ̀ tiwa. Iná tí kì í dúró lójú kan wà lára rẹ̀. Nígbà tí iná bá lọ, ènìyàn á gun àkàbà, á máa tún wáyà ṣe, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, lójijì àwọn ọmọdé á hó yèè pé “Up NEPA!” Ariwo ayọ̀ yẹn ti jẹ́ ariwo ikú fún àwọn kan. Jẹnẹrétọ̀ náà ní tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ṣúìṣì tó ń ya iná jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná ìjọba ń ti iná padà sórí okùn àdúgbò, òṣìṣẹ́ tó sì wà lórí òpó, tó gbà pé okùn náà ti kú, ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Òpó irin tẹlifíṣọ̀n, àkàbà irin àwọn akunlé, ilé alájà kan tí wọ́n kọ́ sábẹ́ okùn iná alágbára, okùn tó já sínú àgbàrá lẹ́yìn òjò, wáyà tí wọ́n fi ṣe okùn ìsáṣọ, àwọn tó ń lọ jí okùn gé lóru: gbogbo wọn ni a mọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2017, ní Calabar, okùn iná alágbára já lu ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan tí èrò kún fọ́fọ́, tí wọ́n ń wo Manchester United àti Anderlecht. Ó kéré tán, ènìyàn méje ló kú. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n lọ wò.

Ohun Tí Iná Ń Ṣe Láàárín Egbò Méjì

Iná ilé wa kì í ṣàn lójú kan. Ìgbà 50 ló ń lọ tó sì ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo lílọ bíbọ̀ yìí ló sì ń fa ẹran ara mọ́ra. Charles Dalziel, ní Yunifásítì California ní Berkeley, fi àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn wọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Milliampere kan ni ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n lára. Tó bá ti tó nǹkan bí 16 fún ọkùnrin, ọwọ́ tó di wáyà mú kò ní lè ṣí mọ́. Ti obìnrin kò tó bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bí 100 bá gba àyà kọjá, ọkàn lè máa gbọ̀n pẹ́pẹ́ dípò kí ó máa lù. Gílóòbù 60 watt kan ṣoṣo ń fa nǹkan bí 250. Ọ̀rọ̀ gbé tí à ń lò bá èyí mu gan-an: ọwọ́ ẹni ló di wáyà mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe olówó ló ni ọwọ́ náà mọ́.

Lẹ́yìn gbígbé ni jíjó wà, inú ló sì ti ń jó. Ibikíbi tí iná bá ti rí ìdènà ni ó ti ń di ooru. Awọ gbígbẹ ń dènà púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àpá fi ń wà níbi tó gbà wọlé àti níbi tó gbà jáde. Tó bá ti wọlé tán, ó ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ìmọ̀lára àti ẹran ara kọjá. Egungun ń dènà jù gbogbo wọn lọ, ó ń gbóná, ooru rẹ̀ sì ń se ẹran tó yí i ká láti inú. Bẹ́ẹ̀ ni awọ apá ènìyàn lè máa dán kí ẹran tó lẹ̀ mọ́ egungun rẹ̀ sì ti kú. Ẹran tó kú yìí ń wú nínú àpò tó le tó dì í, bí mọ́ínmọ́ín ṣe ń wú nínú ewé tí a dì pinpin, títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráyè kọjá sí ọwọ́ mọ́. Ìdí tí apá ọmọ wẹ́dà yẹn fi le bí igi nìyẹn.

Ìtọ̀ dúdú rẹ̀ ńkọ́? Ìdáhùn èyí wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò, láti inú ogun. Ní 1941, nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ń wó ilé lu àwọn ará London, Eric Bywaters àti Desmond Beall ṣàkíyèsí pé àwọn kan tí wọ́n yọ láàyè lábẹ́ àlàpà ń kú ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, tí ìtọ̀ wọn dúdú tí kíndìnrín wọn sì kọṣẹ́. Èròjà pupa inú ẹran ara tó ti tẹ̀ pa ló ń ṣàn wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń dí kíndìnrín. Ó tó ọdún 26 kí Curtis Artz ní Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1967 pé ẹni tí iná gbé, ẹni tí ilé wó lù ni ó jọ, kì í ṣe ẹni tí iná jó. Ní 1970 Charles Baxter, ní Dallas, fi ìtọ́jú rẹ̀ lélẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ yẹn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Láti 1951, nígbà tí Alexander Wallace ará Edinburgh tẹ òfin mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án jáde, iye awọ tó jó ni àwọn dókítà fi ń mọ iye omi tí wọn yóò fà sí aláìsàn lára. Òfin náà dára fún ẹni tí kẹrosíìnì jó. Ẹni tí iná gbé ń kọ́? Egbò kọ́bọ̀ méjì kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún awọ ara. Ẹni tó bá ka awọ nìkan yóò fún un ní omi díẹ̀ tàbí kó máà fún un rárá, kíndìnrín rẹ̀ yóò sì dí. Ohun tí Baxter àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ wa ni pé kí a fi awọ sílẹ̀, kí a máa wo ìtọ̀. Bí ó bá dúdú, kí omi máa wọlé títí àgbàlagbà yóò fi máa tọ̀ tó mililítà 75 sí 100 ní wákàtí kan, títí yóò sì fi mọ́.

Jíjí Òkú, àti Ìtọ́jú

Kí ó tó kan kíndìnrín, ọkàn ni. Ní àwọn ọdún 1890, d'Arsonval ní Faransé ti sọ pé kí a ṣe ẹni tí iná gbé bí a ti ń ṣe ẹni tó rì sómi, kí a bá a mí. Ní 1899 Prevost àti Battelli ní Geneva rí i lára ajá pé iná ló ń mú kí ọkàn máa gbọ̀n, àti pé iná mìíràn tó lágbára lè dá a padà. Ẹ̀rí náà sùn sínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ilé iṣẹ́ iná ní Amẹ́ríkà, tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń kú lórí òpó, ló gbé owó sílẹ̀ fún William Kouwenhoven ní Johns Hopkins kí ó wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀rọ iná ni ó kọ́ ní yunifásítì, kì í ṣe ìṣègùn. Ní 1960, òun, Jude àti Knickerbocker kéde pé ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà léraléra lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa lọ yí ara ká láìṣí àyà sílẹ̀. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà aláìsàn lónìí, ní ilé ìwòsàn àti ní pápá bọ́ọ̀lù, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gun òpó ni ó ti wá.

Nítorí náà, bí iná bá gbé ènìyàn, kí a kọ́kọ́ pa ṣúìṣì. Igi gbígbẹ lè ran ni lọ́wọ́ lórí iná ilé, ṣùgbọ́n lórí okùn iná alágbára, igi kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀; kí a dúró jìnnà réré títí wọn yóò fi pa á láti orísun. Bí kò bá mí, kí a tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Kí a má fi ẹyin, epo tàbí ògì sí i; omi tútù lórí ibi tó jó lẹ́yìn tí iná ti kú, aṣọ mímọ́ láti bò ó, ó tó. Ní ilé ìwòsàn, wọn yóò fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀, wọn yóò fa omi sí i lára, wọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá ń le, oníṣẹ́ abẹ yóò là á gbọọrọ kí ohun tó wú lè ráyè. Ọ̀pọ̀ ará ilé ló máa ń kọ èyí. Wọ́n á ní apá tí kò ní egbò, kí ni ẹ fẹ́ là sí? Lílà yẹn ló ń gba apá là lọ́wọ́ gígé. Wọn yóò padà wá gé ẹran tó kú kúrò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó bu awọ ibòmíràn lé e.

Kò sì parí síbẹ̀. Ọmọ kékeré tó bá gé wáyà jẹ lè dà bí ẹni tó ti ń san, kí egbò igun ẹnu rẹ̀ sì ṣẹ̀jẹ̀ burúkú ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí èépá rẹ̀ bá ṣí. Ẹlòmíràn, oṣù mélòó kan yóò ti kọjá kí ẹyin ojú rẹ̀ tó máa funfun bí ẹni pé ìkúùkù bò ó. Kò ní rántí pé iná gbé òun rí, wọn yóò sì máa wá ẹni tó ṣe é. Ọwọ́ àwọn kan ń kú tipiri, ẹsẹ̀ àwọn kan kò gbé wọn mọ́, oorun àwọn kan sì dàrú.

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo fẹ́ padà sí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Gẹ̀ẹ́sì pe gbogbo rẹ̀ ní ìjóná, àwa tí a ń túmọ̀ sì ń kọ “ìjóná mọ̀nàmọ́ná”. Bẹ́ẹ̀ ni a ti fi ọwọ́ ara wa ju ìmọ̀ tó wà nínú gbé nù, a sì ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ láti wo awọ. Ní kíláàsì mi, mo ti dẹ́kun lílo ọ̀rọ̀ náà. Ìgbé-iná ni mo ń kọ sójú pátákó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sókè, ó ní iná gbé ẹ̀gbọ́n òun ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, egbò kékeré ni, ó ti wà nílé. Mo bi í pé báwo ni ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Kò mọ̀. Mo ní kó bọ́ síta, kó fóònù sílé.